Lẹ́tà ara ògiri nìkan kọ́ ni àyẹ̀wò ojú

Àbúrò mi, mo ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní wọ́n wá yẹ ojú wò lọ́fẹ̀ẹ́ ní ṣọ́ọ̀ṣì yín ní Ìkọ̀lé, ẹ ka lẹ́tà ara ògiri títí dé ìlà tó kéré jù, wọ́n sì ní ojú yín dá ṣáká. Ṣùgbọ́n bàbá yín ti fọ́jú, glaucoma, àìsàn tó ń pa iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, ni dókítà sọ pé ó fà á, ẹ wá ń béèrè bóyá ó tún yẹ kí ẹ náwó sórí àyẹ̀wò míì. Ó yẹ. Ẹ má jẹ́ kí oṣù yìí parí kí ẹ tó lọ. Lẹ́tà ara ògiri yẹn náà ló fi ọkàn mi balẹ̀ fún nǹkan bí ọdún mẹ́ta, ohun tó sì bá ọdún mẹ́ta yẹn lọ kò ní padà mọ́.

Awakọ̀ ni mí. Ọdún mọ́kàndínlógún ni mo fi ná ọ̀nà Adó sí Àkúrẹ́, kí n já èrò sílẹ̀ ní Ìkẹ́rẹ́, kí n tún kó òmíràn. Mo máa ń ka nọ́ńbà ọkọ̀ tó wà níwájú kí ọmọọṣẹ́ mi tó rí i rárá. Nígbàkigbà tí mo bá fẹ́ gba láísẹ́ǹsì tuntun, wọ́n á ní kí n fọwọ́ bo ojú kan kí n ka lẹ́tà, màá kà á tán, wọ́n á fọwọ́ sí i.

Ìgbà tí nǹkan bẹ̀rẹ̀, ẹ̀gbẹ́ òsì ọkọ̀ mi ló kọ́kọ́ ha ọmọlanke ọmọkùnrin kan ní Ìkẹ́rẹ́. Mo bínú sí i, mo ní òun ló já wọ ojú ọ̀nà. Oṣù díẹ̀ lẹ́yìn náà, ó ku díẹ̀ kí n gbá ọlọ́kadà kan, apá òsì náà ni. Àwọn èrò pariwo mọ́ mi. N kò rí i, mo fi Ọlọ́run búra, n kò rí i. Ẹ̀gbọ́n mi ní kí n lọ gbàdúrà, pé ayé ti ń wo iṣẹ́ ọwọ́ mi. Mo gbàdúrà. Mo tún lọ sí ibì kan tí wọ́n ti ń ta awò ojú, wọ́n ní kí n gbé àgbọ̀n lé ẹ̀rọ kan, kí n wo àwòrán inú rẹ̀, lẹ́yìn náà wọ́n ní kí n ka lẹ́tà. Wọ́n ta awò ìwé kíkà fún mi, mo sanwó, mo lọ. Kò sẹ́ni tó bi mí bóyá ẹnì kan fọ́jú nínú ẹbí wa. Bẹ́ẹ̀ sì rèé, màmá mi fọ́jú ní Ẹ̀fọ̀n fún ọdún mẹ́fà kí wọ́n tó kú. Ọjọ́ ogbó la pè é.

Ìyàwó mi ni kátárákítì mú, èyí tó ń mú dígí inú ojú ṣú, mo sìn ín lọ sọ́dọ̀ dókítà ojú. Bí a ṣe ń wọlé, mo fi èjìká òsì gbá férémù ilẹ̀kùn. Dókítà náà, ọmọbìnrin tí kò ju àkọ́bí mi lọ, bi mí pé, "Bàbá, ṣé ẹ máa ń ṣe bẹ́ẹ̀ nílé?" Kí n tó lanu, ìyàwó mi ti dáhùn: "Ojoojúmọ́ ni." Ọjọ́ yẹn gan-an ni wọ́n yẹ ojú mi wò dáadáa fún ìgbà àkọ́kọ́ láyé mi. Ọmọ ọdún mọ́kàndínláàádọ́ta ni mí nígbà náà.

Ohun tí mo fẹ́ kó yé yín ni pé iṣẹ́ ọ̀tọ̀ọ̀tọ̀ ni àyẹ̀wò kọ̀ọ̀kan ń ṣe. Lẹ́tà ara ògiri ń sọ bí àárín gbùngbùn ojú ṣe ríran tó, ibi tí a fi ń kàwé, tí a fi ń dá ojú èèyàn mọ̀. Mítà 6 ni wọ́n máa ń fi jìnnà sí i. Tí wọ́n bá kọ 6/6 fún yín, àárín ojú yín dá. Tí ó bá jẹ́ 6/60, ohun tí ojú tó dá lè rí láti mítà 60, ẹ gbọ́dọ̀ súnmọ́ ọn dé mítà 6 kí ẹ tó rí i. Glaucoma kì í bẹ̀rẹ̀ láti àárín. Ẹ̀gbẹ́ ló máa ń jẹ wọlé, díẹ̀díẹ̀, kì í sábà dunni, ojú kì í sábà pọ́n, ojú kejì sì máa ń bo àṣìṣe ojú àkọ́kọ́. Ìyẹn ló fà á tí èèyàn fi lè ka gbogbo lẹ́tà ògiri nígbà tí ìdajì ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ti kú.

Nídìí lẹ́tà yìí náà, ohun kékeré kan wà tí mo fẹ́ràn. Tí ẹ kò bá rí ìlà ìsàlẹ̀, wọ́n lè fún yín ní ike dúdú tó ní ihò wínníwínní, kí ẹ wo inú ihò náà. Tí lẹ́tà bá hàn kedere lójijì, awò ojú ló sábà máa ń yanjú ọ̀rọ̀ yín. Tí kò bá hàn síbẹ̀, àìsàn lè wà nínú ojú, kò sì yẹ kí ẹnikẹ́ni kàn ta awò fún yín kó ní kí ẹ máa lọ. Ìṣẹ́jú kan péré ni, kò ná ẹnikẹ́ni ní nǹkan kan.

Èkejì ni ìfúnpá ojú. Omi kan ń ṣàn wọ inú ẹyinjú, ó sì ń jáde. Tí ọ̀nà àbájáde rẹ̀ bá ń dí, omi á pọ̀, á máa ti iṣan tó ń gbé ìríran lọ sí ọpọlọ, iṣan náà á sì máa kú. Ní ibòmíràn wọ́n á fẹ́ atẹ́gùn fììì sójú yín, ẹ óò ta gìrì, kò burú. Ní ibòmíràn wọ́n á kán oògùn tó ń mú ojú kú tipiri, wọ́n á fi àwọ̀ yẹ́lò sí i, ṣóńṣó ẹ̀rọ kan tó ń tan iná búlúù á wá fara kan ẹyinjú. Kì í dunni rárá. Láti 10 sí 21 ni ọ̀pọ̀ èèyàn máa ń wà. Tèmi jẹ́ 24 ní ọ̀tún, 31 ní òsì.

Ṣùgbọ́n ẹ má fi nọ́ńbà nìkan sùn. Àwọn kan wà tí ìfúnpá ojú wọn kò kọjá 21 tí glaucoma sì ń jẹ ojú wọn lọ. Tí awọ dídán tó wà níwájú ẹyinjú bá sì fẹ́lẹ́, ẹ̀rọ lè ka iye tó kéré sí òótọ́. Nítorí náà ni wọ́n ṣe gbọ́dọ̀ wo ẹ̀yìn ojú. Wọ́n á kán oògùn tó ń la ọmọlójú gbagada, ẹ óò jókòó fún bí ìdajì wákàtí, lẹ́yìn náà dókítà á tan iná wọlé, á wo orí iṣan náà fúnra rẹ̀. Ibẹ̀ náà ni wọ́n ti ń rí ohun tí ìtọ̀ súgà àti ẹ̀jẹ̀ ríru ti ṣe sí ẹ̀yìn ojú. Ẹ mú ẹnì kan dání o. Wákàtí mẹ́rin sí mẹ́fà ni oòrùn Èkìtì á fi máa gún yín lójú, ẹ kò sì gbọ́dọ̀ wakọ̀ padà sí Ìkọ̀lé. Èmi awakọ̀, ẹ̀yìn ọ̀kadà ni mo jókòó sí lọ sílé, mo fi fìlà bo ojú.

Èyí tó mú mi sunkún ni àyẹ̀wò ẹ̀gbẹ́ ojú. Wọ́n á bo ojú kan, ẹ óò gbé àgbọ̀n lé nǹkan bí abọ́ funfun ńlá, ẹ óò máa wo àmì kan láàárín, ẹ kò gbọ́dọ̀ gbójú kúrò. Iná wínníwínní á máa tàn níhìn-ín lọ́hùn-ún, gbogbo èyí tí ẹ bá rí, ẹ tẹ bọ́tìnnì. Mo ń tẹ̀ ẹ́ nígbà tó kan ojú ọ̀tún. Nígbà tó kan òsì, gbogbo rẹ̀ dákẹ́. Mo rò pé ẹ̀rọ ti bàjẹ́, mo sọ fún obìnrin tó jókòó tì mí. Ó ní, "Ó ń tàn, sà." Ìwé tó jáde dúdú láti òkè wá sí àárín àti ní gbogbo ẹ̀gbẹ́ òsì. Ọmọkùnrin ọlọ́mọlanke yẹn ni mo rántí lójú ẹsẹ̀.

Tí ẹ bá ṣe é lẹ́ẹ̀kan tí kò dáa, ẹ má fòyà jù, wọ́n sábà máa ń tún un ṣe, torí ìgbà àkọ́kọ́ èèyàn ṣì ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń tẹ̀ ẹ́ ni, ó sì tún máa ń rẹni. Àwòrán tí ẹ̀rọ OCT ń yà wà pẹ̀lú, ó ń fi bí iṣan náà ṣe nípọn tó hàn. Tó bá wà níbi tí ẹ lọ tí owó sì wà, ẹ ṣe é. Tí kò bá sí, mẹ́ta tí mo kà yẹn ni kí ẹ má fi sílẹ̀: ìfúnpá, ẹ̀yìn ojú, ẹ̀gbẹ́ ojú.

Ẹ dárúkọ bàbá yín kí wọ́n tó bi yín. Ọmọ àti àbúrò ẹni tí glaucoma fọ́ lójú ló wà nínú ewu jù, àwa aláwọ̀ dúdú sì ni ó máa ń tètè mú. Nígbà tí wọ́n ṣe ìwádìí ojú káàkiri Nàìjíríà láti 2005 sí 2007, òun ló tẹ̀ lé kátárákítì nínú ohun tó ń fọ́ àgbàlagbà lójú. Kátárákítì sì rèé, wọ́n lè ṣiṣẹ́ abẹ rẹ̀ kí ojú padà. Ìyàwó mi ń ki òwú bọ ojú abẹ́rẹ́ báyìí. Èyí tí glaucoma bá mú lọ, kò sí abẹ tó lè dá a padà, ohun tó kù nìkan ni wọ́n lè dáàbò bò.

Ẹ sọ pé ojú máa ń yún yín, ẹ sì ń ra oògùn tí wọ́n ń kán sójú ní kẹ́míìsì. Ẹ jọ̀ọ́, ẹ ka ara páálí rẹ̀. Tí ẹ bá rí dexamethasone tàbí betamethasone níbẹ̀, ẹ mú un lọ fi han dókítà. Ó máa ń tu ojú lára lóòótọ́, ṣùgbọ́n ẹni tó bá ń kán an fún oṣù púpọ̀ láìsí ẹni tó ń wọn ìfúnpá ojú rẹ̀ lè fọwọ́ ara rẹ̀ fa glaucoma.

Ọmọ yín tó jẹ́ ọdún márùn-ún náà, ẹ mú un dání. Ẹni tí kò tíì mọ ìwé, àmì E ni wọ́n máa ń fi hàn án, á máa nawọ́ síbi tí ẹnu rẹ̀ kọjú sí. Tí ojú kan bá ya ọ̀lẹ tí wọn kò tètè mọ̀ kó tó tó ọdún méje tàbí mẹ́jọ, ó máa ń ṣòro láti tún un ṣe.

Ilé ìwòsàn ìkọ́ṣẹ́ ìṣègùn méjèèjì, ti ìpínlẹ̀ ní Adó àti ti ìjọba àpapọ̀ ní Ìdó, ní ẹ̀ka ojú. Ẹ jí lọ, èrò máa ń pọ̀. Tí wọ́n bá fún yín ní timolol, oògùn tí wọ́n ń kán sójú fún glaucoma, tí ẹ sì ní ikọ́ fée, ẹ yára sọ, torí ó lè dí èémí yín.

Mo ti ta bọ́ọ̀sì náà. Àwọn ọmọ mi mẹ́rẹ̀ẹ̀rin ni mo kó lọ ṣe àyẹ̀wò lọ́dún yẹn, wọ́n rí i lára èkejì, ọmọ ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n, tó ń ka lẹ́tà 6/6 láìsí wàhálà. Wọ́n tètè rí tirẹ̀, ìwé ẹ̀gbẹ́ ojú rẹ̀ ṣì funfun. Àwa méjèèjì ń kán oògùn kan náà. Bó bá di aago mẹ́sàn-án alẹ́, á pè mí láti Àkúrẹ́: "Bàámi, ṣé ẹ ti kán tiyín?"