Fílítà púùlù tó ti gbó: ṣé ká tún un ṣe ni, àbí ká pààrọ̀ rẹ̀?

Ìbéèrè: Ẹ kú iṣẹ́ o, ọ̀gá. Fílítà oníyanrìn tó wà ní púùlù wa ti pé ọdún 11, a ò sì pààrọ̀ nǹkan kan nínú ẹ̀ rí. Tá a bá ṣe backwash fún un lónìí, ìyẹn ni pé ká yí omi padà gba inú iyanrìn láti fọ ìdọ̀tí rẹ̀ dànù, kó tó di ọ̀túnla, abẹ́rẹ́ géèjì tó ń wọn agbára omi inú táǹkì ti tún gùn sókè. Láti nǹkan bí oṣù kan, a tún ń rí iyanrìn nílẹ̀ púùlù, lábẹ́ ẹnu páìpù tí omi ń gbà padà wọlé. Ẹni tó ń bá wa tọ́jú ẹ̀ ní ká ju gbogbo ẹ̀ nù, ká ra tuntun. Ṣé kò sí ọ̀nà mìíràn ni?

Ìdáhùn: Ẹ má tíì ra tuntun. Fílítà kì í gbó lẹ́ẹ̀kan ṣoṣo. Ọ̀tọ̀ ni ìgbà tí iyanrìn ń gbó, ọ̀tọ̀ ni ti rọ́bà, ọ̀tọ̀ ni ti géèjì. Táǹkì ló sábà máa ń pẹ́ jù lọ, òun náà ló sì máa pinnu ọ̀rọ̀ yìí.

Torí náà, ẹ kọ́kọ́ yẹ táǹkì wò. Ẹ pa pọ́ǹpù, kẹ́ ẹ nu ara táǹkì gbẹ dáadáa, kẹ́ ẹ wá tan pọ́ǹpù padà. Ẹ tan tọ́ọ̀ṣì yí i ká, pàápàá ibi tí fáàfù ti wọnú rẹ̀ àti ìdí rẹ̀. Bí omi bá ń jáde láti ojú oríkèé, rọ́bà ni, ìyẹn kì í ṣe wàhálà. Ṣùgbọ́n bí ara táǹkì fúnra rẹ̀ bá sán, tàbí tó ń làágùn, ẹ pa pọ́ǹpù lójú ẹsẹ̀, ẹ má sì lò ó mọ́. Ẹ má jẹ́ kí ẹnikẹ́ni fi gọ́ọ̀mù tàbí ohunkóhun lẹ̀ ẹ́ fún yín. Agbára tí omi fi ń ti táǹkì látinú kì í ṣe kékeré. Ọmọrí fílítà ti fò yọ rí, ó sì ti pa èèyàn. Ìdí nìyẹn tí mo fi máa ń tẹnu mọ́ ọn pé ẹnikẹ́ni ò gbọ́dọ̀ fọwọ́ kan ìdè ọmọrí láìjẹ́ pé ó ti pa pọ́ǹpù, tó sì ti tú afẹ́fẹ́ inú táǹkì sílẹ̀.

Bí táǹkì bá le koko, ó kan géèjì. Nígbà tí pọ́ǹpù bá wà ní pípa, ó yẹ kí abẹ́rẹ́ rẹ̀ padà sórí òdo. Bí kò bá padà, irọ́ ló ń pa fún yín. Ẹ fi tuntun sí i, nítorí kò sí ohun tó rọrùn láti pààrọ̀ tó o lára fílítà.

Ẹ jẹ́ ká wá sórí ohun méjèèjì tẹ́ ẹ kà sílẹ̀. Iyanrìn fílítà sábà máa ń lo ọdún 5 sí 7. Omi á ti yí i títí tí etí rẹ̀ tó mú á fi kú, òróró ara àti ìpara àwọn tó ń lúwẹ̀ẹ́ á ti lẹ̀ mọ́ ọn, kálísíọ́mù inú omi á sì so ó pọ̀. Tẹ́ ẹ bá ṣí ọmọrí, ẹ kó ẹ̀kúnwọ́ kan. Èyí tó ṣì dáa máa ń tú ká lọ́wọ́, á sì bọ́ gba àárín ìka. Èyí tó ti gbó á dì ní gìrì-gìrì, á máa yọ̀ lọ́wọ́ bíi pé wọ́n fi òróró pa á, nígbà mìíràn á tún máa rùn. Irú iyanrìn bẹ́ẹ̀ ni kì í jẹ́ kí géèjì sinmi. Àmọ́ ẹ wo omi púùlù náà: bó bá ti ń di àwọ̀ ewé, tí chlorine rẹ̀ ò sì tó, iyanrìn tuntun náà á dí kíákíá. Ẹ sì rí i dájú pé ẹ ń jẹ́ kí backwash pẹ́ títí omi inú dígí kékeré tó wà lára fáàfù á fi mọ́ kedere. Ọ̀pọ̀ èèyàn ló máa ń tètè dá a dúró.

Iyanrìn tó ń wọnú púùlù ní tiẹ̀, àwọn ọ̀pá kéékèèké tó nà ká ìsàlẹ̀ táǹkì, tí wọ́n ń pè ní lateral, ni mo fura sí. Ojú wọn tín-ín-rín gan-an, omi ń gba ibẹ̀ kọjá, iyanrìn ò lè gbà á. Tí ọ̀kan bá ti ṣẹ́, iyanrìn ti rí ọ̀nà. Òpó tó dúró láàárín náà lè sán. Kò sì sẹ́ni tó lè débẹ̀ láì kó iyanrìn jáde. Ẹ rí i pé ìṣòro yín méjèèjì, iṣẹ́ kan ṣoṣo ló máa yanjú wọn.

Ẹ fa omi táǹkì gbẹ, kẹ́ ẹ fi ife bu iyanrìn jáde díẹ̀díẹ̀. Ẹ má fipá ti òpó àárín. Lateral tó kù lè dà bíi pé ó dáa, ṣùgbọ́n ẹgbẹ́ ni gbogbo wọn, torí náà gbogbo wọn ni mo máa ń pààrọ̀. Kẹ́ ẹ tó da iyanrìn tuntun, ẹ bu omi dé ìlàjì táǹkì kó má bàa já lu lateral, kẹ́ ẹ sì fi téèpù dí ẹnu òpó. Ẹ wọ ìbòmú, nítorí eruku iyanrìn yìí ń ba ẹ̀dọ̀fóró jẹ́. Iyanrìn fílítà gan-an ni kẹ́ ẹ rà, èyí tó tóbi tó mílímítà 0.45 sí 0.55. Iyanrìn ìkọ́lé ò dáa fún un. Ìwọ̀n tó máa gbà wà lára táǹkì. Ẹ yọ téèpù, ẹ fi gírísì sílíkónì pa rọ́bà ọmọrí, kì í ṣe básílíìnì, torí básílíìnì ń jẹ rọ́bà. Backwash ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ ṣe, lẹ́yìn náà kẹ́ ẹ yí ọwọ́ fáàfù sí ibi ṣíṣan iyanrìn (rinse), kẹ́ ẹ tó dá a padà sí ibi sísẹ́ omi (filter). Ìgbàkígbà tẹ́ ẹ bá fẹ́ yí ọwọ́ fáàfù, ẹ pa pọ́ǹpù ná. Àìṣe bẹ́ẹ̀ ló ń ya rọ́bà inú fáàfù, tí omi fi ń jò gba páìpù ìdàọminù láìdúró.

Ẹni tó ní kẹ́ ẹ ra tuntun kò jẹ̀bi tó bá jẹ́ pé táǹkì ti sán, tàbí pé wọn ò ṣe ẹ̀yà ara irú èyí mọ́. Ìgbà mìíràn tí mo máa gbà pẹ̀lú rẹ̀ ni tó bá jẹ́ pé ẹ ti pààrọ̀ pọ́ǹpù sí èyí tó lágbára ju ohun tí fílítà lè gbà lọ, torí omi tó ń sáré jù á máa ti ìdọ̀tí kọjá láàárín iyanrìn. Bó bá wá di dandan kẹ́ ẹ rà á, ẹ mú èyí tó tóbi díẹ̀ ju ohun tí pọ́ǹpù ń bèèrè.

Nígbà tí iṣẹ́ bá parí, ẹ ka géèjì nígbà tí iyanrìn ṣì mọ́, kẹ́ ẹ kọ iye rẹ̀ sára táǹkì. Tó bá fi psi (ìwọ̀n agbára omi tí géèjì ń kà) 8 sí 10 ju iye yẹn lọ, ìgbà yẹn ni kẹ́ ẹ ṣe backwash. Kẹ́ ẹ tó lọ ra lateral, ẹ ya fọ́tò nọ́ńbà tó wà lára táǹkì dání. Wọ́n jọra lójú, ṣùgbọ́n èyí tí kì í ṣe tiẹ̀ ò ní wọlé.