Ẹ Bi Bàbá Atẹdùùrù: Ṣé Orin Kàtídírà Nìkan Ni Iṣẹ́ Stainer?

ÌBÉÈRÈ: Bàbá, ẹ kú iṣẹ́ o. Èmi ni mò ń darí ẹgbẹ́ akọrin ìjọ kékeré kan ní Ọ̀fà. A ò pọ̀, tẹ́nọ̀ (ohùn òkè ọkùnrin) méjì péré la ní, sọ́fà, ìyẹn àmì orin dò-rẹ̀-mí, nìkan ni ọ̀pọ̀ nínú wa sì lè kà. Ó wù wá ká kọ “The Crucifixion”, orin ìkànmọ́gi Jésù, ti John Stainer lọ́jọ́ Ẹtì Rere, ṣùgbọ́n àgbà kan nínú ìjọ ní orin kàtídírà ni, ká má dán an wò. Ta ni ọkùnrin yìí, Bàbá? Ṣé bẹ́ẹ̀ lọ̀rọ̀ rí?

ÌDÁHÙN: Ọmọ mi, ẹ kọ ọ́.

Mo bọ̀wọ̀ fún àgbà yín. Òótọ́ ni pé kàtídírà ni Stainer ti ṣiṣẹ́, St Paul's ní Lọ́ńdọ̀nù, ṣùgbọ́n kì í ṣe àwọn akọrin ibẹ̀ ló kọ iṣẹ́ yìí fún. Àwọn akọrin ṣọ́ọ̀ṣì àdúgbò kan ní Marylebone ló kọ ọ́ fún, àwọn àti W. Hodge, ọmọ ẹ̀kọ́ rẹ̀ tó ń tẹ dùùrù níbẹ̀. Ọ̀dọ̀ wọn náà ni wọ́n ti kọ́kọ́ gbọ́ ọ, ní ọjọ́ 24 oṣù kejì ọdún 1887, ọjọ́ kejì Ọjọ́rú Eléérú.

Wo bó ṣe tò ó. Adákọ méjì péré, tẹ́nọ̀ kan àti béèsì (ohùn ìsàlẹ̀ ọkùnrin) kan. Dùùrù nìkan ló ń tẹ̀ lé wọn. Ó wá fi orin ìjọ sí àárín, kí àwọn tó jókòó lórí bẹ́ǹṣì náà lè dìde kọrin. Lójú tèmi, ibí yìí ni iṣẹ́ náà ti dùn jù. Kò fẹ́ kí ìjọ máa wòran ikú Olúwa.

Sọ́fà kì í ṣe ìtìjú rárá. Ilé ìtẹ̀wé Novello tẹ iṣẹ́ yìí ní sọ́fà. Láti 1882, Stainer fúnra rẹ̀ ló ń bojú tó ẹ̀kọ́ orin nílé ẹ̀kọ́ fún ìjọba wọn. Béèsì tó dára jù tí mo kọ́ ní Òmù-Àrán, àgbẹ̀ ni, kò ka nóòtì rí láyé rẹ̀.

Ní ti ìgbésí ayé rẹ̀: ọmọ olùkọ́ ni, wọ́n bí i ní Southwark, Lọ́ńdọ̀nù, ní 1840. Ọmọ ọdún márùn-ún ni nígbà tí jàǹbá fọ́ ojú rẹ̀ òsì. Ó kọrin ní St Paul's ní kékeré. Ó di ọmọ ọdún mẹ́rìndínlógún, Ouseley, àlùfáà olórin kan, mú un lọ tẹ dùùrù ní ilé ẹ̀kọ́ rẹ̀ ní Tenbury. Láti 1860 ó wà ní Oxford, ní 1872 ó sì padà sí St Paul's gẹ́gẹ́ bí atẹdùùrù àgbà. Ojú kan tó kù ló dá a dúró: ní 1888, nígbà tí kò ríran dáadáa mọ́, ó fi ipò náà sílẹ̀. Ọdún yẹn kan náà ni Ọbabìnrin Victoria fi í joyè “Sir”. Oxford tún fi í ṣe ọ̀jọ̀gbọ́n orin lọ́dún tó tẹ̀ lé e. Verona ní Ítálì ló kú sí ní 1901, lọ́jọ́ Àìkú Ọ̀pẹ.

Ó yá, tiyín. Ẹ fi “God so loved the world” bẹ̀rẹ̀. Ohùn mẹ́rin lásán ni, kò sí dùùrù nínú rẹ̀, nítorí náà bí iná bá lọ, kò kàn yín. Kó má fà, kó má sì di ariwo. Béèsì ni kí o kọ́kọ́ kọ́, kí àwọn yòókù lè rí ohun tí wọn yóò dúró lé. Tẹ́nọ̀ méjì yẹn, má fi èyíkéyìí nínú wọn ṣe adákọ, wọn ò ní ṣẹ́kù fún ẹgbẹ́. Ẹ yá adákọ kan wá láti Ẹrin-Ilé tàbí Ìjàgbó, kí ẹ sì tètè bẹ̀ ẹ́, torí gbogbo ìjọ ló ń wá tẹ́nọ̀ lásìkò Lẹ́ńtì.