Báwo ni mo ṣe lè mọ̀ bóyá àwo tánganran aláwòrán búlúù ti ilẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì ti pẹ́ lóòótọ́?

Ẹ kọ́kọ́ yí ìdí àwo náà wò: bí ẹ bá rí "England" níbẹ̀, ó ṣeé ṣe jù pé láti 1891 síwájú ni wọ́n ti ṣe é, "Made in England" sì sábà máa ń jẹ́ ti lẹ́yìn 1900. Òfin owó ibodè tí Amẹ́ríkà ṣe ní 1890 ló fà á, torí ó ní kí ọjà tó ń wọlé máa gbé orúkọ ilẹ̀ tó ti wá. Àwọn kan ti ń kọ ọ́ ṣáájú ìgbà yẹn o, àmọ́ wọn ò pọ̀.

Lẹ́yìn náà, ẹ wo etí rẹ̀ dáadáa. Bàbà pẹlẹbẹ ni wọ́n ń fín àwòrán sí, wọ́n á tẹ̀ ẹ́ sórí bébà fẹ́lẹ́fẹ́lẹ́, wọ́n á wá lẹ bébà náà mọ́ àwo. Ibi tí bébà ti pàdé sábà máa ń hàn: òdòdó kan á gé sí méjì, tàbí kí ìlà má bára mu. Èyí tó bá mọ́ láìní àbùkù kankan ni kó fu yín lára.

Ẹ má fi àwòrán nìkan ṣe ìdíwọ̀n. Spode, ilé iṣẹ́ alámọ̀ kan nílẹ̀ Gẹ̀ẹ́sì, gbé àwòrán tí wọ́n ń pè ní Blue Italian jáde ní 1816, wọ́n ṣì ń tà á tuntun.