Bí òògùn iṣan bá ń mú kí ọkàn yín sáré lóru

Ẹ kú ara ríro o. Ẹ ní láti ìgbà tí wọ́n ti fún yín ní òògùn tó ń dẹ iṣan nítorí ẹ̀yìn tó ń ro yín ni àyà yín ti ń lù kìkì lóru, àwọn ará ilé sì ń sọ pé ìpayà lásán ni. Ó ṣeé ṣe dáadáa kó jẹ́ òògùn yẹn. Ojú mi ti rí i. Àmọ́ kí n tó sọ tèmi, ẹ lọ wo orúkọ tó wà lára páálí rẹ̀, torí àwọn òògùn tí wọ́n ń pè ní òògùn iṣan ò bára wọn tan. Òmíràn ń lé ọkàn sáré, òmíràn ń fà á sẹ́yìn, òmíràn sì rèé, ìgbà téèyàn bá jáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì gan-an ni wàhálà ń bẹ̀rẹ̀.

Cyclobenzaprine ni wọ́n fún mi, nígbà tí iṣan ìsàlẹ̀ ẹ̀yìn mi há débi pé mi ò lè bẹ̀rẹ̀ wọ bàtà. Hóró kan láàárọ̀, ọ̀kan lọ́sàn-án, ọ̀kan lálẹ́. Kí n má purọ́, ó ṣiṣẹ́. Wọ́n ti kìlọ̀ fún mi pé ẹnu á máa gbẹ, oorun á sì máa kùn mí, méjèèjì sì dé. Ti ọkàn ni ẹnikẹ́ni ò mẹ́nu bà. Bí mo bá fẹ̀gbẹ́ òsì lélẹ̀ lálẹ́, màá máa gbọ́ ọ nínú etí tí mo fi lé ìrọ̀rí: á lù, á lù, á dákẹ́ díẹ̀, á wá ta gìrì bí ẹni tí wọ́n pariwo mọ́ lójú oorun. Lẹ́yìn ìyẹn, á bẹ̀rẹ̀ sí í sáré. Màá dìde jókòó, màá fi ìka méjì tẹ ọrùn ọwọ́, màá máa kà á. Ó máa ń ju 100 lọ ní ìṣẹ́jú kan, mi ò sì gbé ẹsẹ̀ láti ìgbà tí mo ti sùn sílẹ̀.

Apòògùn kan ló là mí lóye. Ó ní ọmọ ìyá ni òògùn yìí àti amitriptyline tí wọ́n ń fún àwọn tó ní ìsoríkọ́, bí wọ́n ṣe to mólékù àwọn méjèèjì fẹ́rẹ̀ẹ́ má yàtọ̀ síra. Ó sì ti pẹ́ tí àwọn dókítà ti mọ̀ pé irú òògùn bẹ́ẹ̀ lè da iná mànàmáná kékeré inú ara tó ń darí lílù ọkàn rú, pàápàá bó bá pọ̀ lára. Ẹnu gbígbẹ àti ọkàn tó ń sáré tiẹ̀ ti ibì kan náà wá: òògùn náà ń dínà mọ́ acetylcholine, èròjà tó ń jẹ́ kí itọ́ sun, òun náà sì ni vagus, okùn ìmọ̀lára tó ti inú ọpọlọ wá, fi ń kó ọkàn níjàánu. Nítorí náà, bí ẹnu yín bá ń gbẹ táútáú ní wákàtí kan náà tí àyà yín ń lù, ẹ má kà á sí ọ̀rọ̀ méjì.

Ìwé pélébé tó wà nínú páálí sọ ọ́ gbangba pé ẹni tí lílù ọkàn rẹ̀ kì í lọ déédéé, ẹni tí ọkàn rẹ̀ ti rẹ̀, ẹni tí àrùn ọkàn ṣẹ̀ṣẹ̀ kọ lù, tàbí ẹni tí thyroid rẹ̀, ẹ̀yà ara kékeré kan tó wà ní ọrùn, ń ṣiṣẹ́ jù, kò gbọ́dọ̀ lò ó. Ọ̀sẹ̀ méjì sí mẹ́ta ni wọ́n ṣe é fún, kì í ṣe oṣooṣù. Ó tún máa ń pẹ́ lára: ó tó bíi wákàtí 18 kí ara tó lé ìdajì rẹ̀ jáde, ti àwọn àgbàlagbà sì lè pẹ́ ju bẹ́ẹ̀ lọ. Ìdí nìyẹn tí tèmi fi ń le sí i bí ọjọ́ ṣe ń gorí ọjọ́, ìdí náà sì nìyẹn tí kì í fi í dáwọ́ dúró lọ́jọ́ kejì tí wọ́n bá ní kẹ́ ẹ fi sílẹ̀.

Ọkàn kì í sì í ṣe bẹ́ẹ̀ lójú dókítà! Wọ́n lẹ wáyà mọ́ mi láyà láti ṣe ECG, àyẹ̀wò tó ń ya bí ọkàn ṣe ń lù sórí bébà, ó ní kò sí nǹkan kan. Ìṣẹ́jú àáyá 10 ni ECG lásán fi ń wo ọkàn. Ohun tó gbà mí ni bébà tí mo ti ń kọ nǹkan sí: aago tí mo lo òògùn, aago tí àyà bẹ̀rẹ̀ sí í lù, iye tó lù ní ìṣẹ́jú kan gbáko, ohun tí mò ń ṣe. Dókítà wo bébà yẹn, ó gbé ẹ̀rọ kékeré kan kọ́ mi lára láti òwúrọ̀ di òwúrọ̀, ó sì ní kí wọ́n yẹ thyroid àti potassium inú ẹ̀jẹ̀ mi wò. Ẹ̀rọ ló rí àwọn ìlù tó ń yọjú ṣáájú àkókò wọn. Wọ́n ní kí n fi òògùn náà sílẹ̀, ọkàn sì rọlẹ̀ díẹ̀díẹ̀. Mi ò sọ pé ìpayà ò sí o. Ìrora fúnra rẹ̀ ń lé ọkàn sáré, àìsùn sì ń dá kún un. Àmọ́ ìpayà kì í tẹ̀lé aago òògùn.

Nígbà tí ẹ̀yìn tún há, tizanidine, òògùn iṣan mìíràn, ni wọ́n kọ fún mi. Òdìkejì pátápátá. Ó ń mú ìfúnpá ẹ̀jẹ̀ wálẹ̀, ó sì lè mú kí ọkàn máa lù lọ́ra. Bí mo bá dìde fùú lórí bẹ́ẹ̀dì, ojú á ṣú mi, màá di ògiri mú; mo wá ń jókòó sétí bẹ́ẹ̀dì ná. Nígbà tí wọ́n tún kọ ciprofloxacin, òògùn tó ń pa kòkòrò àrùn, fún mi nítorí àrùn ilé ìtọ̀, apòògùn ni kò gbà, ó ní àfi kóun pe dókítà. Ciprofloxacin àti fluvoxamine, òògùn ìsoríkọ́ kan, kì í jẹ́ kí ẹ̀dọ̀ rí tizanidine palẹ̀ mọ́, á wá di ìlọ́po ìlọ́po nínú ẹ̀jẹ̀. A kì í lò wọ́n pọ̀ rárá. Ẹni tó bá sì ti ń lo tizanidine tó pọ̀ fún ìgbà pípẹ́ tó wá dá a dúró lójijì, ìfúnpá rẹ̀ lè fò sókè, kí ọkàn máa sáré. Baclofen, òun náà òògùn iṣan, tiẹ̀ burú jù bẹ́ẹ̀: jíjáwọ́ nínú rẹ̀ lójijì lè mú kéèyàn máa rí ohun tí kò sí níbẹ̀, tàbí kí gìrì mú un. Orphenadrine, òògùn iṣan mìíràn, ń gbẹ ẹnu, ó sì ń lé ọkàn bíi cyclobenzaprine.

Bí ẹ bá dákú, tí àyà bá ń dùn yín, tí èémí ò délẹ̀, tàbí tí ọkàn ò yéé sáré bẹ́ẹ̀ tẹ́ ẹ ti jókòó jẹ́ẹ́, ilé ìwòsàn ní kíá. Bí kò bá rí bẹ́ẹ̀, kẹ́ ẹ tó gbé hóró ti alẹ́ òní mì, ẹ pe dókítà tó kọ òògùn náà tàbí apòògùn. Kí páálí wà lọ́wọ́ yín, ẹ ka gbogbo ohun mìíràn tẹ́ ẹ̀ ń lò fún un, títí kan òògùn ọ̀fìnkìn, tramadol àti òògùn ìsoríkọ́. Bí ọkàn tàbí thyroid bá ti yọ yín lẹ́nu rí, ìyẹn ni kẹ́ ẹ kọ́kọ́ sọ.