Ó lè jẹ́ pé ibi tí kò tíì kàn ọ́ lo wọ̀ lọ

Okun o, àbúrò mi. O ní ó di ọ̀sẹ̀ mẹ́ta tí o ti wà nídìí géèmù Hollow Knight, o ń kú, o ń sọnù, o ò sì mọ èyí tó burú jù nínú méjèèjì. O wá béèrè bóyá kí o pa á rẹ́ kí o gba géèmù Celeste dípò rẹ̀, torí wọ́n sọ fún ọ pé ìyẹn ò ní máàpù tó ń da orí ẹni rú. Jọ̀ọ́, má tíì pa á rẹ́. Ohun tó ń ṣe ọ́ yìí ṣe mí rí, díẹ̀ ló sì kù kó lé mi kúrò nídìí irú géèmù yìí pátápátá.

Kàbà ni mò ń gbé. Nígbà tí mo bẹ̀rẹ̀ Hollow Knight, lápútọ́ọ̀pù àlòkù ni mo ní, bátìrì rẹ̀ ti kú. Tí wọ́n bá ti mú iná lọ, òun náà kú nìyẹn. Géèmù yìí kì í sì í dá ẹni padà síbi tó dé. Orí bẹ́ǹṣì tí o jókòó sí kẹ́yìn ni wàá ti jí. Nítorí náà, eré ni mo máa ń sá. Mi ò wòtún, mi ò wòsì, kí n ṣáà ti dé bẹ́ǹṣì tó kàn kí iná tó lọ. Lálẹ́ ọjọ́ kan ní Fungal Wastes, ọ̀kan lára àwọn ìlú inú géèmù náà, bí mo ṣe ń sáré lọ, ilẹ̀ ya lábẹ́ ẹsẹ̀ mi, mo já bọ́ sí ìlú mìíràn, Deepnest.

Tí o kò bá tíì débẹ̀: òkùnkùn ni. Kòkòrò ń gbẹ́ ilẹ̀ jáde sí ọ lára, òkú tí o ti pa tán sì tún ń hu ẹsẹ̀ dìde. Mi ò ní lántánì. Ọwọ́ Sly, oníṣòwò kan ní ìlú Dirtmouth, la ti ń rà á, 1,800 Geo, ìyẹn owó inú géèmù náà, mo sì ti kó 1,400 jọ. Mo kú tòun ti owó náà. O mọ òfin rẹ̀: òjìji rẹ á máa ṣọ́ owó rẹ níbi tí o kú sí, tí o bá sì tún kú kí o tó gbà á, owó ti wọgbó. Mo padà lọ, mo kú lójú ọ̀nà kí n tó fojú kan òjìji náà. Mo pa lápútọ́ọ̀pù dé. Odindi oṣù méjì ni mi ò fi ṣí géèmù yẹn mọ́.

Oko ló dá mi padà. Àbúrò bàbá mi ní oko kajú lẹ́yìn òkè, mo sì bá a lọ ṣa kajú ní àkókò rẹ̀. Ọ̀nà tuntun la gbà lọ́jọ́ yẹn. Oríta tó bá ti dé, á fi àdá ṣá èèpo igi kan lẹ́ẹ̀kan, á tẹ̀síwájú. Nígbà tó yá, àpáta kan dábùú ọ̀nà, ó ga, ó ń yọ̀. Ó wò ó sókè wò ó sílẹ̀, ó ní ọjọ́ tí a bá mú okùn dání la ó gba ibẹ̀. Ó ṣá igi tó wà lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀ lẹ́ẹ̀mejì, a yà sápá ọ̀tún. Mo dúró síbẹ̀, mò ń wo ojú àdá méjì yẹn lára igi, Deepnest ló wá sí mi lọ́kàn.

Mo ra ìwé olójú-ewé 40, mo tún géèmù náà bẹ̀rẹ̀ látìbẹ̀rẹ̀. Ohun tí mo kọ sínú rẹ̀ kò ju báyìí lọ: "Crossroads, òkùnkùn biribiri, lántánì. Ìlà méjì." "Greenpath, ògiri ga, kò sí ibi tí ọwọ́ lè dì mú. Ìlà méjì." Ibi tí mo lè lọ lónìí gba ìlà kan, ibi tí mi ò tíì ní ohun èlò rẹ̀ gba méjì. Lọ́jọ́ tí mo rí Mantis Claw, tó jẹ́ kí n lè máa fi ògiri gun òkè, mo ṣí ìwé náà, ibi méje ló ti ń dúró dè mí. Inú mi dùn lálẹ́ ọjọ́ yẹn ju ìgbà tí mo parí géèmù náà lọ.

Kí o mọ̀ pé àwọn tó ṣe é, Team Cherry ní Adelaide ní Ọsirélíà, tí wọ́n gbé e jáde ní 2017, mọ̀ọ́mọ̀ ṣe é kí o sọnù ni. Láìní máàpù lo máa ń wọ ìlú tuntun. O ní láti wá Cornifer tó ń ya máàpù: máa wo bébà tó já sílẹ̀, máa gbọ́ bó ṣe ń kùn orin lábẹ́nu. Ìdajì máàpù ló máa tà fún ọ. Kálàmù tí o máa fi ya ìyókù, ọwọ́ Iselda ìyàwó rẹ̀ ni wàá ti rà á, kò sì ní yà á àfi tí o bá jókòó lórí bẹ́ǹṣì. Kọ́ńpáàsì gan-an ń gba àyè lára ọ̀ṣọ́ agbára tí o lè fi jà. Torí náà, pé o sọnù kì í ṣe pé o ò mọ̀ ọ́n gbá. Iselda tún ń ta àwọn àmì tí a ń kàn mọ́ máàpù, rà wọ́n. Géèmù mìíràn, Prince of Persia: The Lost Crown ti 2024, tiẹ̀ jẹ́ kí o ya fọ́tò ibi tó dí mọ́ ọ, kí o sì lẹ̀ ẹ́ mọ́ máàpù. Inú mi dùn gan-an nígbà tí mo rí i.

Ti kíkú ńkọ́? Ọ̀tọ̀ nìyẹn. Àwọn Mantis Lords, ọ̀gá ọ̀tá kan nínú Hollow Knight, pa mí nígbà 26. Ohun mẹ́ta péré ni wọ́n ń ṣe: wọ́n á já lulẹ̀ láti òkè, wọ́n á fi ọ̀kọ̀ sáré gba ẹ̀gbẹ́, tàbí kí wọ́n ju ohun tó ń yí padà wá. Ọ̀kan á kọ́kọ́ jáde, lẹ́yìn náà méjì lẹ́ẹ̀kan náà. Nígbà mẹ́ta, mi ò gbé ọwọ́ sókè rárá, mo kàn ń fò, mo sì ń wò wọ́n títí wọ́n fi pa mí. Ìgbà mẹ́ta yẹn kọ́ mi ju ìyókù lọ.

Celeste, tó jáde ní 2018, dára púpọ̀, gbà á tí owó bá wà. Ṣùgbọ́n kì í ṣe ìsinmi lo ń lọ ṣe níbẹ̀. Wàá kú níbẹ̀ ju ti Hollow Knight lọ fíìfíì. Ìyàtọ̀ rẹ̀ ni pé ìbẹ̀rẹ̀ yàrá tí o kú sí ni wàá ti jí lójú ẹsẹ̀, kò sí ìrìn àpadàlọ. Bí ọwọ́ bá ń dùn ọ́, Assist Mode wà, o lè dín eré rẹ̀ kù. Kò sí ẹni tó ní ẹ̀tọ́ láti fi ìyẹn bú ọ. Silksong ti 2025, tó tẹ̀lé Hollow Knight, ni kí o má tíì fọwọ́ kàn, ó le ju èyí lọ.

O ò sọ ibi tí o há sí gan-an. Tí o bá ti pa ọ̀tá tí wọ́n ń pè ní False Knight, City Crest, ohun tí a fi ń ṣí ẹnubodè, wà lọ́wọ́ rẹ. Ẹnubodè ńlá tó wà lápá ọ̀tún Fungal Wastes ni wàá fi ṣí, kí o lè wọ ìlú City of Tears. Ẹnubodè náà á tì lẹ́yìn rẹ o, má bẹ̀rù. Wá alágbẹ̀dẹ inú ìlú yẹn, san 250 Geo fún un, kó pọ́n ìṣó rẹ, ìyẹn idà tí o fi ń jà. Ọgbẹ́ tó ń dá á kúrò ní 5, á di 9. Ṣe ìyẹn kí o tó tún padà lọ bá ẹnikẹ́ni jà, lẹ́yìn náà kí o wá sọ fún mi ibi tí o dé.