Dúróọ̀mù kò lè gba ìyá ẹja àrọ̀

Ẹ ní bíríkìlà fẹ́ tún kòtò ẹja yín rẹ́ ní Òkè-Baálẹ̀, Òṣogbo, ẹ wá ń bèèrè bóyá dúróọ̀mù lítà 200 mẹ́rin lè gba ìyá àrọ̀ 8 àti akọ 4 fún ọ̀sẹ̀ kan. Kò lè gbà wọ́n, kò sì ní jẹ́ ọ̀sẹ̀ kan. Ẹja kílò 2 gùn tó ẹsẹ̀ bàtà 2. Inú dúróọ̀mù kò fẹ̀ tó bẹ́ẹ̀. Ẹ wá tánkì lítà 1000 méjì, abo lọ́tọ̀, akọ lọ́tọ̀. Ẹ gbé wọn sábẹ́ ibòòji, ẹ fi ẹsẹ̀ bàtà kan sílẹ̀ lókè omi, ẹ sì fi àwọ̀n bò ó kí ẹ dì í dáadáa, torí àrọ̀ máa ń fò jáde lóru. Kíkó wọn kò le: ẹ má fún wọn lóúnjẹ lọ́jọ́ tó ṣáájú, ẹ kó wọn ní kùtùkùtù.

Ìgbà tí wọ́n bá ń padà sí kòtò ni ikú wà. Láìmù, ìyẹn èròjà bí ẹfun tó ń jó ara, tó wà nínú sìmẹ́ǹtì tuntun máa ń tú sómi. Omi á mọ́ gaara lójú, pH rẹ̀, ìyẹn ìwọ̀n tó ń sọ bí omi ṣe kan tàbí bí láìmù ṣe pọ̀ nínú rẹ̀, á sì ti lé ní 11. Á jó ibi tí ẹja fi ń mí, á bó ara rẹ̀, torí àrọ̀ kò ní ìpẹ́ tí yóò gbà á sílẹ̀. Àwọn ọ̀gá ọ́fíìsì tí bàtà wọn kì í kan ẹrẹ̀ á ní kí ẹ fọ̀ ọ́ lẹ́ẹ̀kan, ó ti parí. Bíríkìlà á ní ọjọ́ 3. Ẹja tiwọn kọ́ ló máa kú.

Ẹ máa wọ́n omi sí ohun tí wọ́n rẹ́ fún ọjọ́ 7. Ẹ rọ omi kún kòtò, ọjọ́ 4, ẹ dà á nù, ẹ fi búrọ́ọ̀ṣì fọ ògiri láìlo ọṣẹ. Ẹ tún rọ ọ́ kún, kí ẹ gé ìtì ọ̀gẹ̀dẹ̀ sí i fún ọjọ́ 7. Bó ṣe ń jẹrà ni kíkan rẹ̀ ń bá láìmù jà. Omi náà á dúdú, á máa rùn: ẹ dà á nù tán. Ẹ rọ tuntun, ẹ fi ìwé pH wò ó lọ́jọ́ náà, kí ẹ tún wò ó lọ́jọ́ kejì, torí ògiri ṣì lè máa tú láìmù. Bó bá lé ní 8.5, ẹ dà á nù, ẹ tún un ṣe. Bí kò bá lé, ẹja kéékèèké 5 ni kó kọ́kọ́ lo wákàtí 48 níbẹ̀. Ọ̀sẹ̀ 3 nìyẹn, ó kéré tán.

Ẹ má pọn omi odò Ọ̀ṣun o. Láti ìgbà tí àwọn awakùsà ti ń wa wúrà lápá Ìjẹ̀ṣà ni omi yẹn ti ń pọ́n.

Nínú tánkì, ìdọ̀tí ara ẹja tó ń di amóníà, májèlé inú omi, ló ń pa á, kì í ṣe iná tó lọ tí ẹ̀rọ afẹ́fẹ́ fi dúró; àrọ̀ mọ bí wọ́n ṣe ń fa afẹ́fẹ́ lójú omi. Láti ọjọ́ kẹta, gíráàmù 80 lójúmọ́ ti tó fún abo mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ, kí ẹ kó àjẹkù kúrò. Ẹ má máa tẹ ikùn wọn wò bóyá ẹyin wà níbẹ̀. Bí akọ bá ń bu ara wọn jẹ, ẹ fi àwọ̀n pín tánkì wọn. Ẹ máa pààrọ̀ lítà 350 nínú tánkì kọ̀ọ̀kan láràárọ̀, ibẹ̀ sì ni dúróọ̀mù yín ti wúlò: bí kò bá ti gbé kẹ́míkà rí, ẹ fi gbé omi ẹ̀rọ sílẹ̀ láìdé fún wákàtí 24, kí kilorínì, oògùn tí wọ́n fi ń pa kòkòrò inú omi ẹ̀rọ, lè fò lọ.