Ẹ má sọ Ajá di Àjàní

Ẹ̀gbọ́n mi, ẹ kú àjò o, ẹ sì kú iṣẹ́ ìdílé. Mo ti ka ìbéèrè yín lẹ́ẹ̀mejì. Ẹ ní bàbá yín àgbà to orúkọ àwọn ọmọ ìyá rẹ̀ sínú ìwé kan kó tó kú: Kosoko, Akisatan, Aja, Idowu, Ibadiaran, Lasisi. Kò sí àmì ohùn lórí ìkankan. Ìbátan yín tó wà ní Kánádà ní kò sẹ́ni tí í sọ ọmọ ní Aja, pé Àjàní ni bàbá fẹ́ kọ, kí ẹ tún un ṣe kí ẹ tó tẹ̀ ẹ́ jáde fáwọn ọmọ. Ẹ tún ní ẹ ti wá Lasisi títí lórí íntánẹ́ẹ̀tì, ẹ ò rí i.

Ẹ jọ̀ọ́, ẹ má tún nǹkan kan ṣe. Ajá ni bàbá fẹ́ kọ, òun náà ló sì kọ.

Orúkọ mẹ́ta àkọ́kọ́ yẹn, orúkọ àbíkú ni wọ́n. Kòsọ́kọ́: kò sí ọkọ́ mọ́ tí a ó fi gbẹ́lẹ̀ sin ọmọ. Àkísàtán: àkísà tí à ń fi wé òkú ọmọ ti tán nílé. Nígbà tó kan ẹ̀kẹta, wọ́n pè é ní Ajá, kí àwọn ẹgbẹ́ rẹ̀ lọ́run lè kórìíra rẹ̀, kí wọ́n fi í sílẹ̀ fún ìyá rẹ̀. Ẹ kà wọ́n tẹ̀léra bí bàbá ṣe tò wọ́n: ọkọ́ tán, àkísà tán, ajá lèyí. Obìnrin kan ló ń bẹ ikú níbẹ̀ yẹn. Ohun mìíràn tún wà tí ìwé yẹn ò sọ síta: a kì í sọ àkọ́bí ní Kòsọ́kọ́. Ọmọ ti kú ṣáájú rẹ̀, bóyá ju ẹyọ kan lọ. Oríkì tó dùn ni Àjàní lóòótọ́, àmọ́ bí ẹ bá fi í rọ́pò Ajá, ẹ ti pa ìyá yẹn lẹ́nu mọ́. Orúkọ wọ̀nyí kì í sì í ṣe ohun ìtìjú. Kòsọ́kọ́ lorúkọ ọba tó jẹ l'Ékòó láti 1845 sí 1851.

Ìdòwú ló gbà mí lọ́kàn jù nínú gbogbo rẹ̀. Ẹ̀yìn ìbejì ni Ìdòwú ń dé, bẹ́ẹ̀ bàbá ò kọ Táíwò, kò kọ Kẹ́hìndé. Níbo ni wọ́n wà? Ẹ bèèrè lọ́wọ́ àwọn àgbà bóyá ère ìbejì, èyí tí wọ́n ń gbẹ́ fún ìbejì tó bá kú, wà nínú ilé yẹn rí, ẹni tó ń fún un lóúnjẹ, àti ibi tí wọ́n gbé e sí nígbà tí ẹ̀sìn wọlé. Ní Òṣogbo wa níbí, ayàwòrán Twins Seven Seven, tó di olóògbé ní 2011, fi irú ìtàn bẹ́ẹ̀ ṣe orúkọ: ó ní ìyá òun bí ìbejì lẹ́ẹ̀méje, òun nìkan ló ṣẹ́kù. Nínú àtẹ ìran tí ẹ ń ṣe, ẹ fi àyè méjì sílẹ̀ ṣáájú Ìdòwú. Bí ẹ bá tún bá Babátúndé tàbí Yétúndé pàdé níwájú, ẹ wo ẹni tó kú ní sáà yẹn, ó máa ń bá ọdún mu.

Ìbàdíàrán ní tirẹ̀, ẹ ò lè rí i nínú ìwé ìjọba kankan láéláé. Orúkọ tí ìyàwó ilé fún un ni. Ìyàwó tí wọ́n gbé wọlé kì í pe ọmọ ọkọ tó bá nílé lórúkọ, ìyẹn ni wọ́n fi ń sọ wọ́n ní Ìbàdíàrán, Adúmáadán, Akọ̀wé, Òpéléńgẹ́. Orúkọ náà á wá mọ́ ọn lára débi pé àbúrò rẹ̀ pàápàá á gbàgbé èyí tí wọ́n sọ ọ́ ní ọjọ́ kẹjọ. Èyí tí wọ́n sọ ọ́ yẹn lẹ máa wá.

Ti Lásísì yé mi dáadáa, torí èmi náà jìyà irú ẹ̀. Lámídì la mọ bàbá bàbá mi sí nílé. Odindi ọjọ́ méjì ni mo fi ṣí ìwé ilé-ẹ̀kọ́ kan tó ti gbó, akọ̀wé ibẹ̀ sì sọ fún mi pé bàbá ò kàwé níbẹ̀ rí. Ìyá kan tí wọ́n fẹ́ wá sí agboolé wa láyé àtijọ́ ló là mí lójú: "Ọ̀ṣúndáre ló gbé lọ síléèwé, ìgbà tó gba Ìsìláàmù ló di Lámídì." Mo padà lọ, mo bá a níbẹ̀: Oshundare. Bẹ́ẹ̀ náà lẹ máa ṣe. Abdul-Azeez ni Lásísì nílé kéú. Ẹ wá Azeez, Lasis, Asisi, kí ẹ sì wá orúkọ tó ní kó tó kírun. Ọ̀pọ̀ ìwé àtijọ́ kì í kọ ṣ, sh ni wọ́n ń kọ, Òṣogbo fúnra rẹ̀ Oshogbo ni. Ọ̀pọ̀ ilé ló sì ti yọ Ọ̀ṣun kúrò nínú orúkọ wọn, tí wọ́n fi Olú sí i. Bí Olúdáre kan bá wà nínú ẹbí yín, ẹ wá Ọ̀ṣúndáre àti Fádáre pẹ̀lú.

Ìyàwó ilé tó dàgbà jù ní agboolé ni kí ẹ kọ́kọ́ pè, kí ẹ tó pe mọ́gàjí, olórí agboolé. Àwọn ni wọ́n ń kí ọmọ ilé láràárọ̀, orúkọ tí àwọn ọkùnrin ti gbàgbé wà lẹ́nu wọn. Ẹ má bi wọ́n pé, "Kí lorúkọ àbúrò bàbá?" Wọn ò ní dá a. Ẹ ní kí wọ́n ki ìdílé, kí ẹ máa gbà á sílẹ̀ lórí fóònù, orúkọ á máa jábọ́ níkọ̀ọ̀kan. Alẹ́ ló dáa jù, lẹ́yìn tí ìyá bá ti jẹun. Ẹ fi owó obì ránṣẹ́ ṣáájú. Bí ẹ bá lè wálé, oṣù Kẹjọ, ìgbà ọdún Ọ̀ṣun, ni kí ẹ wá, àwọn ọmọ ilé tó wà lẹ́yìn odi á ti dé.

Ní ti ìwé, orúkọ òkú tó wà nínú àtẹ ìran ò nílò ìbúra kankan. Àfi bí orúkọ ẹni tó wà láàyè bá yàtọ̀ síra nínú ìwé méjì: ẹni náà fúnra rẹ̀ á lọ búra ní Ilé-ẹjọ́ Gíga pé òun kan náà ló ń jẹ́ méjèèjì. Àwọn ìwé ìjọba àwọn òyìnbó nípa agbègbè wa wà ní National Archives tó wà nínú Yunifásítì Ìbàdàn, èèyàn lè lọ bá yín wò ó.

Ẹ ya fọ́tò ojú ìwé yẹn ránṣẹ́ sí mi, kí ẹ sì sọ orúkọ agboolé yín fún mi níkọ̀kọ̀. Ọjọ́ Sátidé mo máa gba Ìsàlẹ̀ Ọ̀ṣun, ní Òṣogbo níbí, kọjá. Màá ka orúkọ mẹ́fẹ̀ẹ̀fà sétí ìyá tó bá dàgbà jù níbẹ̀, màá sì gbọ́ bí òun ṣe ń pe Aja.